Ta Ni Ó Ni Ara Ọmọ?

Kí àwọn oníṣègùn òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ náà, àjẹsára, ti wà lẹ́nu àwọn baba wa. Ẹni tí ó bá ń lọ sí ojú ogun, tàbí tí ó ń lọ sí àjò níbi tí kò ti mọ ọwọ́ ẹni tí òun yóò ti gba oúnjẹ jẹ, a lọ bá onímọ̀ egbòogi, a sì jẹ oògùn sí ara ṣáájú ọjọ́ ibi. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ kò dá ni ó ṣe jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ kí májèlé ọ̀la lè bá ara tí ó ti gbára dì. Nígbà tí àwọn ilé ìwòsàn ń wá orúkọ tí wọn yóò fi pe abẹ́rẹ́ tí à ń gún fún ọmọ tí kò ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n bá nílẹ̀ tí wọ́n mú lò. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà, èyí ni bupá, nítorí pé apá ni wọ́n ń bù kí wọ́n tó fi oògùn ìgbóná sí i. Sínsín gbẹ́rẹ́ ńkọ́? Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ ọ́n?

Mo fi èyí ṣíwájú kí a lè mọ ibi tí àríyànjiyàn wa wà ní ti gidi. Èrò pé a lè fi oògùn ṣọ́ ara de àrùn kò ṣòro fún Yorùbá láti gbà. Ohun tí ó jẹ́ àjèjì ni ìwé àkókò: pé kí àwọn kan tí a kò mọ̀ rí jókòó sí ibì kan, kí wọ́n sì pinnu ọjọ́ kan náà, oògùn kan náà àti ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ọmọ tí a bá bí, ìbáà jẹ́ ọmọ ọba tàbí ọmọ alágbàro. Níbi tí ìwé àkókò yìí ti bá èrò wa nípa ọmọ pàdé ni ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ti jáde: ta ni ó ni ara ọmọ, tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kí a gún un lábẹ́rẹ́ tàbí kí a má gún un?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìwé náà fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní orílẹ̀-èdè wa. Ní ọjọ́ tí a bí ọmọ, tàbí bí ó bá ti lè yá tó lẹ́yìn rẹ̀, yóò gba abẹ́rẹ́ tí ń dènà ikọ́ ife, yóò gba ti mẹ́dọ̀wú, wọn yóò sì kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí i lẹ́nu. Bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, yóò padà lọ gba abẹ́rẹ́ alápapọ̀ tí ń dènà àrùn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: àrùn tí ń dí ọ̀nà ọ̀fun, ikọ́ líle, ipá, mẹ́dọ̀wú, àti kòkòrò kan tí ń fa òtútù àyà àti yírùnyírùn. Ní ọjọ́ náà ni yóò tún gba ti rọpárọsẹ̀ àti òmíràn fún òtútù àyà, pẹ̀lú oògùn tí à ń kán sí ẹnu nítorí ìgbẹ́ gbuuru, èyí tí wọ́n fi kún ètò náà ní ọdún 2022. Yóò tún padà lọ ní ọ̀sẹ̀ 10 àti ní ọ̀sẹ̀ 14. Ní oṣù 9, ó kan àwọn abẹ́rẹ́ tí ń dènà èéyi, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti yírùnyírùn. Ní oṣù 15, yóò gba ti èéyi lẹ́ẹ̀kejì. Ìwé náà wá dákẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan, kí ó tó tún ké sí ọmọbìnrin láti ọdún 9, fún abẹ́rẹ́ tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ti ìkẹyìn yìí bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á.

Yorùbá kò ṣàì ní ìwé àkókò tirẹ̀ fún ọmọ, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sí orí pátákó. Ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọ ọmọ lórúkọ. Ogójì ọjọ́ sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀ fún ìyá àti ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àkókò wọ̀nyí, ọ̀kan wà tí ó yàtọ̀, èyí ni àkọsẹ̀jayé. Nígbà tí àwọn òbí bá gbé ọmọ tuntun lọ sọ́dọ̀ babaláwo, ohun tí wọ́n ń béèrè ni ohun tí ó yẹ ọmọ yìí nìkan, ìyẹn orí tí ó yàn, èèwọ̀ rẹ̀ àti ọ̀nà tí yóò tọ̀. Ìgbàgbọ́ wa ni pé orí tí Táyé gbé wá kì í ṣe orí tí Kẹ́hìndé gbé wá, bí wọ́n tilẹ̀ jọ sùn nínú ilé ọmọ kan náà fún oṣù mẹ́sàn-án. Báwo wá ni ìwé kan ṣoṣo yóò ṣe bá gbogbo orí mu?

Ní Alájue, ní ìlú Ẹdẹ, ni mo ti gbọ́ tí wọ́n bi ìbéèrè yìí ní ọ̀nà tí ó ṣe kedere jù lọ. Mo wà ní agbo ilé kan nígbà tí ìyàwó ilé kan ń múra láti gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ìyá ọkọ rẹ̀ gba ọmọ náà mọ́ra, ó ní, “Ọmọ tí ń rẹ́rìn-ín yìí ni ẹ fẹ́ lọ mú kí ó sunkún?”

Ìyàwó náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, mà, wọ́n ti kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú káàdì.”

“Ta ni ó kọ ọ́? Ṣé ó mọ orí tí ọmọ yìí gbé wá ni? Wọ́n sì tún ní ọ̀fẹ́ ni. Kí ni ó ń jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ìlú yìí?” Ìyá àgbà náà wá yíjú sí mi, ó ní, “Ìwọ tí o kàwé, ọmọ mi, dá wa lẹ́jọ́.”

Mo sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ fún un. Ó gbọ́, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé ọ̀já wá. Ó ní bí ẹkún bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yìn òun ni ọmọ náà yóò ti sun ún. Òun ni ó pọ̀n ọ́n lọ. Àmọ́ ìbéèrè mẹ́ta tí ó bi wá kò bá ọmọ náà lọ. Ọ̀kínní ni pé, kí ni ìdí tí a fi ń fi ìrora kan ẹni tí kò ṣàìsàn? Ìkejì ni pé, kí ni ìlànà kan ṣoṣo mọ̀ nípa orí kọ̀ọ̀kan? Ìkẹta ni pé, kí ni a fi lè gba ẹni tí ó gbé e wá gbọ́? Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ rọ́ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sẹ́yìn pé àìmọ̀ ni, kò tíì mọ ohun tí òun ń sọ.

Mo fẹ́ mú ti àkọ́kọ́. Àwọn tí ó kọ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí kò kàn ṣẹ́ wọn bí ẹní ṣẹ́ kèké. Èéyi ni yóò fi èyí hàn wá jù lọ. Nígbà tí ọmọ bá ń ti inú ìyá bọ̀, ó ń gbé díẹ̀ nínú agbára tí ara ìyá ní láti fi bá àrùn jà bọ̀. Agbára yìí a máa ṣọ́ ọ fún oṣù bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà yóò máa dín kù títí yóò fi tán. Bí a bá gún abẹ́rẹ́ èéyi ní àkókò tí agbára ìyá ṣì pọ̀ nínú ara ọmọ, yóò pa oògùn náà kí ara ọmọ fúnra rẹ̀ tó kọ́ ohunkóhun nínú rẹ̀. Bí a bá sì pẹ́ jù, èéyi yóò ti ṣáájú wa dé. Oṣù 9 ni àwọn onímọ̀ yàn fún irú ilẹ̀ tiwa, níbi tí àrùn náà ti máa ń tètè kọlu ọmọ. Ní àwọn ilẹ̀ tí èéyi ti ṣọ̀wọ́n, wọ́n lè dúró di ọdún 1. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì wà nítorí àwọn ọmọ tí ara wọn kò kọ́ ẹ̀kọ́ náà nígbà àkọ́kọ́.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n gbé ti òkè òkun wá fún wa pátápátá. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, ni dókítà ará Bìrìtìkó kan tí ń jẹ́ David Morley ti ṣiṣẹ́ láàárín ọdún 1956 sí ọdún 1961, lábẹ́ ilé ìwòsàn Wesley Guild ti Iléṣà. Ó rí i pé èéyi, tí àwọn ará ìlú rẹ̀ kò kà sí nǹkan bàbàrà mọ́, ń pa ọmọ wa, àti pé èyí tí kò kú nínú wọn a máa rù hangogo. Ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ John Enders ní ìlú Boston, níbi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn àjẹsára èéyi tuntun, ní ọdún 1960 ni Samuel Katz sì gbé oògùn náà wá sí agbègbè Iléṣà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ṣe wà lára àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ èéyi ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọdún mẹ́ta kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí títà á ní ilẹ̀ tirẹ̀. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé yìí kan náà ni Morley ti ṣe káàdì ìwọ̀n ìdàgbàsókè ọmọ, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá tẹ̀ lé. Ohun tí ó wú mi lórí jù nípa káàdì náà ni pé ọwọ́ ìyá ni ó ń wà. Kì í sùn sí ilé ìwòsàn. Ìyá ni ó ni í, òun ni ó sì ń gbé e bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ọjọ́ oṣù 9 yìí ń sọ nípa ìwà. Láàárín ìgbà tí agbára ìyá bá ti tán àti ìgbà tí abẹ́rẹ́ yóò ṣiṣẹ́, ìhòòhò ni ọmọ náà wà. Òbí tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ní ayé kò lè dáàbò bo ọmọ yìí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ní àkókò náà. Àwọn ọmọ ilé kejì ni wọ́n lè dáàbò bò ó, bí àwọn tí ó jù ú lọ bá ti gba tiwọn, tí èéyi kò fi rí ọ̀nà wọlé. Èéyi wà lára àwọn àrùn tí ó yára ràn jù lọ tí aráyé mọ̀: ẹnì kan lè kó o ran ènìyàn 12 sí 18 nínú àwùjọ tí kò ní ààbò, kòkòrò rẹ̀ sì lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹni tí ó gbé e wọlé ti jáde. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi sọ pé ó yẹ kí nǹkan bí ọmọ 95 nínú ọgọ́rùn-ún ti gba abẹ́rẹ́ kí àrùn náà tó lè kọjá láìrí ibi jókòó.

Àwọn baba wa ti wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. A máa ń pa òwe yìí fún ọ̀rọ̀ ìwà. Ó bá ti ara mu pẹ̀lú. Òbí tí ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ òun kò kan ẹlòmíràn kò rántí pé nígbà tí ọmọ náà wà ní oṣù mẹ́fà, tí kò tíì lè gba ohunkóhun fún èéyi, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹlòmíràn ni ó mú un yè. Ó jẹ gbèsè kí ó tó mọ̀ pé òun jẹ gbèsè.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé ọmọ ẹni kì í ṣẹ̀dí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe yìí ń bá ẹni tí ń já ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ti ẹlòmíràn wí, ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ó ṣọ́ ọmọ ẹni ni ó ń ṣọ́ ti aládùúgbò. Àwọn àǹfààní tí ó rí báyìí kò pọ̀ ní ayé. Ẹni tí ó yẹ kí a bá wí ni ẹni tí ó mọ èyí, tí ó wá ronú pé níwọ̀n bí àwọn yòókù bá ti gbà á, òun lè fi ìrora díẹ̀ náà pamọ́ fún ọmọ tirẹ̀. Bí a bá ń gbẹ́ kànga ìlú, irú rẹ̀ ni ẹni tí kò gbé ọkọ́ rí, tí ó sì kọ́kọ́ gbé korobá dé ibẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni ti orí. Mo rò pé ìdáhùn wà nínú èrò Yorùbá fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà kò kọ́ wa pé orí nìkan tó. Ẹsẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹsẹ̀ tí ń gbé orí dé ibi tí orí ti yàn láti lọ. Ẹni tí ó yan orí rere, tí ó wá jókòó sójú kan, kò ní dé ibẹ̀. Bí a bá bi babaláwo nípa ọmọ, tí ó sì ní yóò dàgbà yóò di ẹni ńlá, ṣé a ó tìtorí bẹ́ẹ̀ má fún un lóúnjẹ ni? Ìwé àkókò àjẹsára kò sọ ohun tí ọmọ yóò jẹ́ láyé, iṣẹ́ orí ni ìyẹn. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń bá ẹsẹ̀ ọmọ náà sán oko lójú ọ̀nà.

Kì í sì ṣe òótọ́ pé ìwé náà kò mọ ọmọ kan yàtọ̀ sí èkejì. Nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ yóò béèrè bí ara ọmọ ti rí kí ó tó gún un. Ọmọ tí àrùn kan ti ba agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ jẹ́ gidigidi kò gbọdọ̀ gba àwọn oògùn kan tí wọ́n fi kòkòrò tí a sọ di aláìlágbára ṣe. Ẹni tí ara rẹ̀ bínú sí oògùn kan gidigidi nígbà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ tún un gbà. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n gbé orí tí ó yàtọ̀ wá ní tòótọ́, àwọn gan-an ni ó sì nílò jù lọ pé kí gbogbo àwọn yòókù pa ìlànà mọ́. Ìlànà kan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi àyè sílẹ̀ fún àwọn díẹ̀ tí kò lè pa á mọ́.

Ìbéèrè kẹta ni ó le jù, nítorí pé ọgbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn kò lè dáhùn rẹ̀. Kí ni a fi lè gba ẹni tí ó gbé e wá gbọ́? Ìtàn wa kò fún wa ní ìdáhùn kan ṣoṣo.

Ẹ wo ti ìgbóná, tí àwọn ènìyàn wa ń bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í fẹ́ dárúkọ Ṣànpọ̀nná lásán. Ní ọdún 1721, nígbà tí ìgbóná ń jà ní Boston, ẹrú kan tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Onesimus, ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Cotton Mather, pé ní ilẹ̀ àwọn, wọ́n ń gé ara, wọ́n sì ń fi díẹ̀ nínú omi egbò àrùn náà sí i kí ó má baà pa ènìyàn. Ó ti ṣáájú Edward Jenner, tí ó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1796, ní ohun tí ó lé ní àádọ́rin ọdún. Ní Èkó, Dókítà Ògúntọ́lá Sápárà wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣànpọ̀nná láti mọ àṣírí wọn, àbọ̀ tí ó jẹ́ sì wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba amúnisìn fi òfin de ìsìn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Òfin de ìsìn, ìgbóná kò lọ. Ó tó ọdún 1970 kí ó tó tán pátápátá ní Nàìjíríà. Ohun tí ó lé e lọ ni iṣẹ́ tí a fi ìmọ̀ àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ṣe. Ní oṣù kejìlá ọdún 1966, ní agbègbè Ògójà, oògùn kò tó nílẹ̀ fún William Foege àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí àwọn míṣọ́nnárì tí ó ní rédíò rán ènìyàn sí abúlé kọ̀ọ̀kan láti béèrè ibi tí ìgbóná wà, kìkì àwọn tí ó yí àwọn aláìsàn ká ni wọ́n sì bupá fún. Ó ṣiṣẹ́, nítorí pé àwọn ará abúlé sọ òtítọ́ fún wọn. Ní ọdún 1980, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ìgbóná ti tán lórí ilẹ̀ ayé.

Ìtàn kejì kò dùn ún gbọ́. Ní ọdún 1996, nígbà tí yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọ ní Kánò, ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer dán oògùn tuntun kan wò lára àwọn ọmọ níbẹ̀. Ọmọ 200 ni ó wà nínú ìdánwò náà, 11 nínú wọn sì kú. Ọ̀pọ̀ òbí sọ pé wọn kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà pẹ́; ní ọdún 2009, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìpínlẹ̀ náà, kò sì gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Nígbà tí àwọn aṣáájú kan ní Kánò àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní Òkè Ọya dá oògùn rọpárọsẹ̀ dúró láti ọdún 2003 sí ọdún 2004, pé ó lè sọ ọmọ di àgàn, a kò lè sọ pé láti inú òfìfo ni ìfura wọn ti wá. Ṣùgbọ́n ta ni ó san gbèsè ìfura náà? Kòkòrò àrùn náà jáde láti Nàìjíríà lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ó dé Yemen, ó sì dé Indonesia ní ọdún 2005. Ọmọ tí kò gbọ́ orúkọ Kánò rí di ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn mọ́. Ó di ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 kí wọ́n tó kéde pé rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti tán ní Áfíríkà. Síbẹ̀, irú kan tí ó ń jáde láti inú kòkòrò aláìlágbára tí ó wà nínú oògùn tí à ń kán sí ẹnu ṣì ń yọjú lẹ́yìn náà, ní àwọn ibi tí ọmọ tí kò gba oògùn bá ti pọ̀. Ó yẹ kí a máa sọ èyí fún àwọn òbí láìfi bò. Ẹni tí ó bá fi òtítọ́ kékeré pamọ́ ti ta òtítọ́ ńlá lọ́pọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn méjèèjì ni pé ìfọkàntán kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí ìjọba lè fi agbára gbà. Gbèsè ni ìjọba jẹ, ó sì gbọ́dọ̀ máa san án. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì gba gbogbo àjẹsára rẹ̀, ó sì fi owó ìtanràn tì í. N kò kórìíra òfin yìí, nítorí pé ó sọ nínú ìwé pé ara ọmọ kì í ṣe dúkìá òbí. Ṣùgbọ́n tí ìyá bá pọn ọmọ rìn láti oko wá sí ìlú, tí wọ́n sọ fún un pé oògùn ti tán, kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ta ni kí ó san owó ìtanràn? Bí baba bá kọ̀ láti fún un ní owó ọkọ̀, ta ni a ó mú? Ìyá ni a ń kọ orúkọ rẹ̀ sí ara káàdì, òun náà ni a sì ń bá wí. Ojú méjì ni ó bí ọmọ, igba ojú ní ń wò ó. Kí àwọn igba ojú náà má ṣe dijú nígbà tí ó bá kan owó ọkọ̀.

Ìyá àgbà wa béèrè ohun tí ó ń jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìdáhùn tí mo lè fún un ni pé kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Owó orí àti owó ọjà àwa gbogbo wà nínú rẹ̀, ti àwọn ilẹ̀ mìíràn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé àrùn tí kò tán ní Ẹdẹ lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn tí ń ṣọ́ àrùn kì í sì í ṣe àjèjì nìkan mọ́. Ní Yunifásítì Redeemer tí ó wà ní Ẹdẹ yìí, ní oṣù kẹta ọdún 2020, ni àwọn onímọ̀ ti ka gbogbo àkọsílẹ̀ inú kòkòrò àrùn kòrónà, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tí ó ń béèrè pé ta ni ó kọ ọ́ lè máa wo àárín àwọn ọmọ tirẹ̀.

Ó wá ku ọmọbìnrin ọdún 9. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò lè sọ ohun tí ó fẹ́, nítorí náà ni a ṣe ń sọ̀rọ̀ fún un. Ọmọ ọdún 9 ní ẹnu. Ó lè béèrè ohun tí abẹ́rẹ́ náà wà fún, ìdáhùn rẹ̀ sì ń ti ọ̀pọ̀ òbí lójú, nítorí pé àrùn tí a ń dènà ń gba ọ̀nà ìbálòpọ̀ wọ ara. Harald zur Hausen, ọmọ Jámánì, ni ó fi hàn pé kòkòrò àrùn kan ni ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2008. Kí kòkòrò náà tó rí ọ̀nà wọlé ni abẹ́rẹ́ náà wúlò jù, ìdí nìyí tí wọ́n fi yàn án fún ìgbà èwe. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé yóò ṣí ojú ọmọ sí ìṣekúṣe, àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé yóò dí i ní ọ̀nà àtibímọ. Èyí ìkẹyìn yìí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀: ilé ọmọ ni abẹ́rẹ́ náà ń gbà là. Ní ti àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ ilé ni ó ń tọ́ ìwà. Àìsàn kì í tọ́ ọmọ. Òbí tí ó bá fi jẹjẹrẹ ṣe pàṣán tí yóò máa ṣọ́ ọmọ rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ tirẹ̀ fún aṣebi. Ohun tí ó yẹ ọmọ yìí ni pé kí a jókòó tì í, kí a fi èdè tí ó tọ́ sí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣàlàyé fún un, kí ó lè na apá rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Níbi tí ọmọ ti na apá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ni ó ni ara rẹ̀. Àwa òbí, ará ilé, ìlú àti ìjọba jẹ́ alágbàtọ́ ara náà títí yóò fi dàgbà gbà á lọ́wọ́ wa, alágbàtọ́ kò sì ní ẹ̀tọ́ láti fi ohun tí a gbé fún un tọ́jú ta ayò. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. A ti gbọ́ nípa ogun yìí tipẹ́, a sì mọ ọjọ́ tí ó máa ń dé.

Bí ẹ bá wo apá àwọn tí a bí ṣáájú ọdún 1970 ní ilẹ̀ wa, ẹ óò rí àpá bupá lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọdún 1980 kò ní in. Bí ẹ bá rí àpá ní apá tiwọn, ti ikọ́ ife ni. Ẹnikẹ́ni kò bu apá wọn nítorí ìgbóná, nítorí pé kò sí ìgbóná mọ́ tí a ó tìtorí rẹ̀ bù ú. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ orúkọ àwọn tí ó gba àpá náà ṣáájú wọn, wọn kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè.